Whitney Young: Ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ ìgbáyégbádùn tó kú sínú òkun Èkó

Ọ̀rọ̀ ìwé kì í ṣe ohun tí àwọn ará Èkìtì fi ń ṣeré. Bí èèyàn bá dé Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Emùré àti àwọn ìlú yòókù ní apá gúúsù ìpínlẹ̀ náà, yóò bá ọ̀dọ́ tó ti gba dígírì àkọ́kọ́, tó sì ń wá ibi tí yóò ti gba ìkejì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ pàápàá ti di yunifásítì, orúkọ olóògbé Bámidélé Olúmilúà, ọmọ ìlú náà tó ti ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó rí, ni wọ́n sì fi sọ ọ́.

Ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ tí irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ń ronú sí ni iṣẹ́ ìgbáyégbádùn ará ìlú, èyí tí àwọn bàbá wa mọ̀ sí iṣẹ́ wẹ́fíà. Àwọn oníṣẹ́ yìí ló ń tọ́jú ọmọ tí òbí rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ń dá sí ìjà tọkọtaya kó tó di wàhálà, tí wọ́n sì ń bójú tó arúgbó tí kò lẹ́nìkan. Bí wọ́n bá fẹ́ yan ilé ẹ̀kọ́, iye owó tí wọn yóò san àti oṣù tí wọn yóò lò níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú: ta ló fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà? Ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ará Amẹ́ríkà, tí ilẹ̀ Yorùbá wa níbí ni ọlọ́jọ́ ti dé bá a, yóò fi ìdí ọ̀rọ̀ náà hàn.

Orúkọ rẹ̀ ni Whitney Moore Young. Ọjọ́ 31, oṣù keje, ọdún 1921 ni wọ́n bí i, inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gan-an ni wọ́n sì bí i sí, ní Lincoln Ridge, ìpínlẹ̀ Kentucky. Bàbá rẹ̀, tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, jẹ́ olùkọ́ ní Lincoln Institute, ó sì padà di ọ̀gá àgbà ibẹ̀. Ìyá rẹ̀, Laura, náà ṣe iṣẹ́ olùkọ́, òun ló sì tún ń darí iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò wọn.

Ìrẹ́jẹ ló bí ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún. Lọ́dún 1904, ìjọba Kentucky ṣe òfin pé ọmọ aláwọ̀ dúdú àti ọmọ òyìnbó kò gbọ́dọ̀ jọ kàwé lábẹ́ òrùlé kan náà mọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Berea, tó ti ń kọ́ àwọn méjèèjì pọ̀ tẹ́lẹ̀, ni òfin náà bá wí. Nígbà tí kò sí ọ̀nà mìíràn, Berea dá Lincoln Institute sílẹ̀ fún àwọn dúdú, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1912. Ibẹ̀ ni Young dàgbà sí, ó sì mọ̀ láti kékeré pé òfin lè ti ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ mọ́ ẹni tó mọ̀wé.

Kì í ṣe iṣẹ́ wẹ́fíà ló kọ́kọ́ wù ú. Iṣẹ́ dókítà ló ń lé nígbà tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn dúdú ní Frankfort, olú ìlú Kentucky. Ó gba dígírì àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1941, ó sì fi ìgbà díẹ̀ ṣe olùkọ́ ìṣirò ní ìlú Madisonville. Kò pẹ́ tí Ogun Àgbáyé Kejì fi gbé e lọ. Àwọn ológun kọ́kọ́ rán an lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa iná mànàmáná ní MIT, ilé ẹ̀kọ́ olókìkí ní Massachusetts, àmọ́ ẹgbẹ́ àwọn sójà aláwọ̀ dúdú tó ń la ọ̀nà ni wọ́n padà fi í sí.

Òyìnbó láti gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn ọ̀gá tó ń darí ẹgbẹ́ sójà náà. Inú ń bí àwọn sójà dúdú sí ìwọ̀sí tí wọ́n ń rí, ọkàn àwọn ọ̀gá náà kò sì balẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, wọ́n gbé Young láti ipò sójà tí kò ní okùn lápá dé ipò sájẹ́ńtì àgbà, ó sì di pé àwọn dúdú ń fura sí i, àwọn òyìnbó náà ń fura sí i. Àárín ìfura méjì yìí ló ti kọ́ bí a ti í bá ẹni tó ní agbára sọ̀rọ̀ láìta àwọn ènìyàn ẹni. Nígbà tí ogun parí, ọkàn rẹ̀ ti kúrò lórí iṣẹ́ dókítà.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ yíyan ilé ẹ̀kọ́ wá délẹ̀. Yunifásítì Louisville, tó wà nínú ìpínlẹ̀ rẹ̀ gan-an, ní ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìgbáyégbádùn, ṣùgbọ́n òfin ọdún 1904 ṣì wà nílẹ̀, kò sì sí àyè fún dúdú níbẹ̀. Margaret Buckner, ìyàwó tó fẹ́ ní ọjọ́ 2, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1944, ló la ọ̀nà. Olùkọ́ ni obìnrin náà, ó sì ti lọ ń kàwé ní Yunifásítì Minnesota, lápá àríwá tí òtútù pọ̀ sí, nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà lójú ogun. Young lọ bá a níbẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ tó ṣeé fọkàn tán ni Minnesota jẹ́ nínú iṣẹ́ yìí. Ọdún 1917 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìwé kíkà, wọ́n ń fi akẹ́kọ̀ọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà, kó lè fojú rí i, kó sì fọwọ́ ṣe é. Ọ̀dọ̀ Urban League, ẹgbẹ́ tó ń jà fún iṣẹ́ àti ilé gbígbé fún àwọn dúdú ní ìlú ńláńlá, ni Young ti rí ìrírí tirẹ̀. Ìtàn ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà ní ìlú St. Paul ló kọ ìwé àṣekágbá rẹ̀ lé lórí. Ó gba dígírì kejì lọ́dún 1947, ẹ̀ka St. Paul yìí kan náà ló sì gbà á síṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ bá àwọn ọlọ́jà àti oníléeṣẹ́ òyìnbó pé kí wọ́n gba dúdú síṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti òyìnbó tí wọ́n jọ jókòó ní kíláàsì, kò sì sí oníléeṣẹ́ tó lè sọ pé ayédèrú ni.

Lọ́dún 1950, ó di olórí ẹ̀ka Urban League ní ìlú Omaha, ó sì ń kọ́ni nínú yunifásítì níbẹ̀. Ọdún 1954 ni ipò tó ga ju ìyẹn lọ dé: wọ́n fi í ṣe ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìgbáyégbádùn ní Yunifásítì Atlanta, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún.

Ilé ẹ̀kọ́ Atlanta yìí ní ìtàn tirẹ̀. Ọdún 1920 ni wọ́n dá a sílẹ̀ kí àwọn dúdú lè rí ibi kọ́ iṣẹ́ náà ní gúúsù Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1928, ẹgbẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìgbáyégbádùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, òun sì ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn dúdú àkọ́kọ́ tó rí irú ìfọwọ́sí bẹ́ẹ̀ gbà nínú iṣẹ́ náà. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá gba ìwé ẹ̀rí ibẹ̀ kò ní láti bẹ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó ka ìwé rẹ̀ sí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ìfọwọ́sí fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, kó wo àpẹẹrẹ kan nílé. Nígbà tí Ọlọ́wẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà ńlá ti Ìsẹ̀, gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914, kò nílò ìwé ẹ̀rí. Ojú gbogbo ayé ló rí iṣẹ́ náà, débi pé wọ́n gbé ilẹ̀kùn ọ̀hún lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, London, lọ́dún 1924, ó sì di ti British Museum. Iṣẹ́ ìgbáyégbádùn kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ìgbésí ayé ẹlòmíràn ni oníṣẹ́ náà ti ń ṣe tirẹ̀, níbi tí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dé. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì í, kì í ṣe igi ló bàjẹ́, ọmọ ènìyàn ni. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ti yẹ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wò kí wọ́n tó fi ọmọlọ́mọ lé e lọ́wọ́.

Young mọ èyí, kò sì fẹ́ kí ìwé ẹ̀rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ di ohun tí wọ́n kàn ń gbé kọ́ ara ògiri. Nígbà tí àwọn tó ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ náà rí i pé àwọn dúdú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí iṣẹ́ gbà, tí wọ́n sì kọ̀ láti bá àpérò àwọn oníṣẹ́ ìgbáyégbádùn ìpínlẹ̀ Georgia ṣe, ó dúró tì wọ́n.

Lẹ́yìn tó lo ọdún kan ní Harvard, wọ́n fi í ṣe olórí Urban League fún gbogbo Amẹ́ríkà lọ́dún 1961. Òṣìṣẹ́ 38 ló bá níbẹ̀, wọ́n sì di nǹkan bí 1,600 lábẹ́ rẹ̀. Owó tí ẹgbẹ́ náà ń ná lọ́dún kúrò ní 325,000 dọ́là, ó di mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là ó lé díẹ̀. Ó wà lára àwọn aṣáájú tó ṣètò ìwọ́de ńlá ti Washington lọ́dún 1963, pẹ̀lú Martin Luther King. Ó tún ní kí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fún àwọn òtòṣì inú ilé ohun tó ṣe fún ilẹ̀ Yúróòpù lẹ́yìn ogun, ìyẹn ni kó náwó gidi lé ilé ẹ̀kọ́, iṣẹ́ àti ilé gbígbé lórí.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbóṣùbà fún un. Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun àti àwọn olówó òyìnbó ti sún mọ́ra jù. Òun ní tirẹ̀ gbà pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ wọ inú yàrá tí wọ́n ti ń pín iṣẹ́, kó lè rí ti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà. Lọ́dún 1969, Ààrẹ Lyndon Johnson fi àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ fún ará ìlú dá a lọ́lá. Ọdún yìí kan náà ló di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ìgbáyégbádùn ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Oṣù kẹta ọdún 1971 ló wá sí Èkó. Ogun abẹ́lé Nàìjíríà kò tíì parí ju ọdún kan ó lé díẹ̀ lọ nígbà náà. Àpérò àwọn aṣáájú Áfíríkà àti ti Amẹ́ríkà ló bá wá. Ní ọjọ́ 11, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ lúwẹ̀ẹ́ ní etíkun, ibẹ̀ ló sì ti kú sínú omi. Ẹni ọdún 49 ni. Ààrẹ Richard Nixon rán bàálù wá gbé òkú rẹ̀ lọ sílé, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ̀rọ̀ ìdágbére níbi ìsìnkú ní Kentucky, ìpínlẹ̀ tí òfin rẹ̀ kò gbà kó jókòó ti òyìnbó kàwé nígbà kan. Lónìí, orúkọ rẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ Atlanta tó darí ń jẹ́.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Emùré tó bá fẹ́ tọ ipasẹ̀ ọkùnrin yìí kò ní òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọ̀fìn mìíràn wà lójú ọ̀nà. Ní Nàìjíríà, àjọ NUC ló ń yẹ ẹ̀kọ́ yunifásítì wò, ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ń wò. Yunifásítì lè ní àṣẹ ìjọba, kí ẹ̀kọ́ kan nínú rẹ̀ má tíì rí ìfọwọ́sí. Ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn, Èkó tàbí Nsukka, tàbí ibikíbi tó bá wù ú, kó béèrè ibi tí ẹ̀kọ́ náà dúró sí lọ́dún tó fẹ́ wọlé gan-an. Lọ́dún 2022, òfin fìdí àjọ àwọn oníṣẹ́ yìí múlẹ̀ ní Nàìjíríà, nítorí náà, ìwé ẹ̀rí tí kò lórí kò ní ṣeé dá ọgbọ́n sí bíi ti àtijọ́.

Ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè wá sí òkè òkun náà ní ohun tí yóò wò. Ní Amẹ́ríkà, àjọ CSWE ló ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ dígírì kejì sì gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán wákàtí 900 ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe é. Ní England, Social Work England ló ń ṣe ti wọn láti ọdún 2019. Scotland ní àjọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ní òun yóò fúnni ní dígírì kejì láìrán akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi iṣẹ́ rárá, ká fura sí i.

Ọdún tí Young lò ní Minnesota kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìwé tó gbà níbẹ̀ kò dójú tì í dé ọjọ́ ikú rẹ̀. Owó tí ìyá fi ẹ̀gẹ́ àti kòkó kó jọ ní Emùré láti rán ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́, ó yẹ kó ra irú ìwé bẹ́ẹ̀.