Abbie Lathrop, Ìyá Eku

Ẹ̀yin ará kíláàsì mi, gbogbo ìgbà tí tíṣà Bàọ́lọ́jì bá ti dárúkọ eku inú láàbù, ẹ̀rín la máa ń rín. Èmi náà ń rín in tẹ́lẹ̀, kí n tó ka ìtàn obìnrin yìí.

Ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1868. Tíṣà ni bàbá àti ìyá rẹ̀, iṣẹ́ tíṣà lòun náà kọ́kọ́ ṣe. Àìsàn àìtó ẹ̀jẹ̀ kan, tí kò gbóògùn nígbà yẹn, ló lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó dé Granby ní Massachusetts, ó sin adìẹ títí, kò rí èrè níbẹ̀. Ló bá ra eku méjì, akọ kan abo kan, ó ń sin ọmọ wọn tà fáwọn tó fẹ́ fi ṣọ̀sìn nínú ilé. Eku kì í fi ọmọ bíbí ṣeré o! Nígbà tó fi máa di 1913, eku ọwọ́ rẹ̀ ti lé ní 11,000. Àwọn ọmọ àdúgbò ló ń bá a tún àpótí wọn ṣe, sẹ́ǹtì 7 ní wákàtí kan.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, títí kan Harvard. Ní nǹkan bí 1908, ó rí egbò lára àwọn eku kan. Ẹlòmíì ì bá kàn dà wọ́n nù. Abbie fi ránṣẹ́ fáwọn onímọ̀, Leo Loeb ní Yunifásítì Pennsylvania sì sọ fún un pé jẹjẹrẹ ni. Abbie ò gboyè sáyẹ́ǹsì kankan, àmọ́ ó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé eku wo ló bí èwo. Bí àwọn méjèèjì ṣe jọ kọ ìwádìí bíi mẹ́wàá jáde nìyẹn. Wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ pọ̀ nínú ìdílé eku kan ju òmíì lọ, àti pé tí wọ́n bá yọ ilé ẹyin abo, jẹjẹrẹ ọmú máa ń dínkù.

Ó kú lọ́dún 1918. Lọ́dún 1921, C. C. Little mú abo kan nínú ìran eku rẹ̀, nọ́ńbà 57, ó fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yà dúdú tí wọ́n ń pè ní C57BL/6. Àwọn tó ń tan àbùdá, tí wọ́n ń pa á bíi gílóòbù láìyí lẹ́tà kan nínú rẹ̀ padà, kí eku lè ní irú àìsàn tó ń ṣe èèyàn, ẹ̀yà yìí ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò títí dòní.

Àìsàn ẹ̀jẹ̀ yẹn náà ló pa á. Ọdún 1926 làwọn dókítà tó kéde pé ẹ̀dọ̀ màlúù ní jíjẹ ń wò ó.