Marie Curie àti Òkúta Tí Ń Tàn Lóru

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti bẹ aláìsàn wò ní ilé ìwòsàn àyà tí ó wà ní Jẹ́ríkò wa yìí yóò mọ ohun tí ikọ́ ife lè ṣe. Ikọ́ ife ni ó pa ìyá Marie Curie ní Warsaw, ilẹ̀ Pólándì, ní 1878, nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ẹni ọdún 10. Kátólíìkì tòótọ́ ni ìyá náà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìgbàgbọ́ ọmọ náà yẹ̀. Èmi kò ní fi èyí pamọ́ fún yín. Ìdájọ́ òkú kò sí lọ́wọ́ wa.

Ó dé Paris ní 1891, ó kàwé nínú òtútù àti àìní, Pierre Curie sì gbé e níyàwó ní 1895. Ní 1896 Henri Becquerel ṣàkíyèsí pé uranium a máa tú ìtànṣán jáde láìjẹ́ pé iná tàbí oòrùn kàn án. Ọkàn átọ́ọ̀mù irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò dúró ṣinṣin. A máa fọ́ fúnra rẹ̀, a sì di nǹkan mìíràn. Nínú ìtànṣán tí ń jáde, alpha kò lè la tákàdá kọjá. Páànù alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè dá beta dúró. Ṣùgbọ́n gamma a máa la ara ènìyàn já, òjé tí ó nípọn ni a fi ń dín agbára rẹ̀ kù.

Inú ahéré kan tí òjò ń jò sí ni tọkọtaya yìí ti ń se òkúta pitchblende. Ní 1898 wọ́n kéde rádíọ́ọ̀mù. Ó di 1902 kí Marie tó rí ìwọ̀n kékeré, ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù, yọ nínú òkúta tí ó tó tọ́ọ̀nù. Lóru, ìgò rẹ̀ a máa tàn. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ní 1903, wọn kò sì gba owó kankan lórí ọgbọ́n náà. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin pa Pierre ní 1906. Opó náà gba iṣẹ́ olùkọ́ ọkọ rẹ̀, ó gba Nobel kejì ní 1911, nígbà ogun 1914 ó sì fi ọkọ̀ gbé ẹ̀rọ X-ray tọ àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ lọ.

Ó ti ń fi ìgò rádíọ́ọ̀mù sínú àpò aṣọ. Ní 4 July 1934 ó kú, nítorí mùdùnmúdùn egungun rẹ̀ kò lè pèsè ẹ̀jẹ̀ mọ́. Irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà UCH ń fi bá jẹjẹrẹ jà, pẹ̀lú ìwọ̀n àti ìṣọ́ra.

Inú àpótí olójé ni wọ́n kó àwọn ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí ní Paris títí di òní. Rádíọ́ọ̀mù a máa gba nǹkan bí 1,600 ọdún kí ìdajì rẹ̀ tó fọ́ tán.