John Bunyan: Atúnkòkòṣe tó fi ọdún 12 ṣẹ̀wọ̀n nítorí ìwàásù, tó sì kọ 'Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́'

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó lọ sí ilé-ìwé ìjọ nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́ ni kò lè gbàgbé ìwé Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Àwọn kan kà á fúnra wọn, àwọn mìíràn sì jókòó ti bàbá tàbí ìyá wọn àgbà nígbà tí wọ́n ń kà á sí wọn létí. Wọ́n mọ ọkùnrin inú ìwé náà tó gbé ẹrù wúwo sẹ́yìn, tó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀, tó kó sínú ẹrọ̀fọ̀, tó gun òkè, tó sì bọ́ lọ́wọ́ òmìrán, kó tó dé etí odò tí kò ní afárá. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ ẹni tó kọ ọ́ kò pọ̀ tó àwọn tó mọ ìwé náà.

John Bunyan lorúkọ ọkùnrin náà. Kì í ṣe ọmọ olówó, bẹ́ẹ̀ ni kò lọ sí yunifásítì kankan. Iṣẹ́ kó máa tún ìkòkò tó ti jò ṣe ni bàbá rẹ̀ kọ́ ọ. Ohun tó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ kò ṣẹ̀yìn ìlérí kan ṣoṣo tí àwọn adájọ́ ní kó ṣe, tó sì kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní ṣe é.

Ọmọ abúlé Elstow

Ní abúlé Elstow, tí kò ju nǹkan bíi máìlì kan lọ sí ìlú Bedford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí Bunyan lọ́dún 1628. Thomas ni bàbá rẹ̀, Margaret sì ni ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ bàbá náà ni kó máa lọ láti abúlé dé abúlé, kó máa lẹ ìkòkò àti abọ́ irin tó bá ti lu. Wọ́n ní ilé kékeré tiwọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn gbajúmọ̀ ayé ìgbà náà kì í ka irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí. Wọ́n fi ọmọ náà sí ilé-ìwé fún ìgbà díẹ̀, ó mọ̀ ọ́n kọ, ó mọ̀ ọ́n kà, lẹ́yìn náà ló lọ bá bàbá rẹ̀ nídìí iṣẹ́.

Ọdún 1644 ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ rí màbo. Ìyá rẹ̀ kú ní oṣù Kẹfà, àbúrò rẹ̀ obìnrin tẹ̀lé e ní oṣù Keje, nígbà tó sì máa di oṣù Kẹjọ, bàbá rẹ̀ ti fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà láàárín Ọba Charles Kìíní àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Bí Bunyan ṣe ń pé ọmọ ọdún 16 ni wọ́n kó o wọ iṣẹ́ ológun lápá ti àwọn aṣòfin, ní bùdó Newport Pagnell.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Wọ́n yan òun àti àwọn kan pé kí wọ́n lọ dó ti ìlú kan, ṣùgbọ́n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan bẹ̀bẹ̀ pé kí òun lọ dípò rẹ̀. Níbi tí ẹni náà ti ń ṣọ́nà ni ọta ìbọn ti bà á lórí, tó sì gba ibẹ̀ kú. Látìgbà náà ni Bunyan ti ń bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí Ọlọ́run fi dá ẹ̀mí òun sí.

Ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun lọ́dún 1647, ó sì gbé ìyàwó ní nǹkan bíi ọdún 1649. Òṣì ta àwọn méjèèjì débi pé kò sí àwo kan tàbí ṣíbí kan nínú ilé wọn. Ìwé ìsìn méjì tí bàbá ìyàwó náà fi sílẹ̀ fún un nígbà tó ń kú ló gbé wá sílé ọkọ, tọkọtìyàwó sì jọ máa ń kà á. Lọ́dún 1650, wọ́n bí àkọ́bí wọn, Mary. Afọ́jú ni ọmọ náà.

Bó ṣe di oníwàásù

Bunyan kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pé èpè àti èébú kò wọ́n lẹ́nu òun nígbà èwe. Ó fẹ́ràn ijó, ó fẹ́ràn kó máa fa agogo ṣọ́ọ̀ṣì, kì í sì í yé ṣeré pápá bó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Lọ́jọ́ kan tó dúró lẹ́bàá fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kan, tó ń ṣépè bó ṣe máa ń ṣe, obìnrin tó wà nínú ilé bá a wí pé ẹnu rẹ̀ ti bàjẹ́ jù, pé ó lè ba gbogbo ọ̀dọ́ ìlú jẹ́. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń ròyìn rẹ̀ sí rere. Èyí ló jẹ́ kí ìtìjú mú Bunyan, torí pé tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń bá èèyàn wí, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Lọ́jọ́ mìíràn tó lọ ṣiṣẹ́ ní Bedford, ó bá àwọn obìnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin kan tí wọ́n jẹ́ tálákà, tí wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń yáàrùn, tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ohun tí Ọlọ́run ṣe nínú ayé wọn. Ó sún mọ́ wọn láti dá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn jinlẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ayọ̀ tó rí lójú wọn kò jẹ́ kó sinmi mọ́. Àwọn ló mú un mọ John Gifford, alùfáà ìjọ wọn, ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá sójà lápá ti ọba nígbà ogun abẹ́lé náà. Báyìí ni àwọn tó jẹ́ ọ̀tá lójú ogun ṣe di bàbá àti ọmọ nínú ìjọ.

Nígbà tó di nǹkan bíi ọdún 1655, Bunyan ti bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù. Ó ń fi ọ̀rọ̀ inú oko, ojú ọ̀nà àti ilé ìdáná ṣàlàyé Bíbélì, àwọn mẹ̀kúnnù sì ń wọ́ tọ̀ ọ́ lọ. Lọ́dún 1658, ìyàwó rẹ̀ kú, ó sì fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀. Lọ́dún 1659, ó fẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Elizabeth.

Ìlérí tí kò ṣe

Lọ́dún 1660, àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá oyè ọba padà, Charles Kejì sì gorí ìtẹ́ bàbá rẹ̀ tí wọ́n ti bẹ́ lórí lọ́dún 1649. Ẹ̀rù ń ba àwọn aláṣẹ pé ìpàdé ìsìn tí kì í bá ti í ṣe ti ìjọ ìjọba lè di ìpàdé ọ̀tẹ̀. Ni wọ́n bá tún gbé òfin àtijọ́ kan tí wọ́n ti ṣe lọ́dún 1593 jáde láti fi mú àwọn oníwàásù bíi Bunyan.

Ní ọjọ́ 12, oṣù Kọkànlá, ọdún 1660, ó fẹ́ wàásù nínú ilé kan ní Lower Samsell. Wọ́n ti ta á lólobó pé àwọn agbófinró ń bọ̀, onílé sì gbà á nímọ̀ràn pé kí wọ́n tú ká. Bunyan jáde sí pápá, ó rìn síwá sẹ́yìn, ó sì rò ó pé bí òun tó jẹ́ aṣáájú bá sá, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́ yóò sá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó padà wọlé, kò sì tíì wàásù jìnnà tí wọ́n fi mú un.

Nígbà tó dé ilé-ẹjọ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1661, wọ́n ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Tí kò bá gbà lẹ́yìn náà láti jáwọ́ nínú ìwàásù, wọ́n yóò lé e kúrò nílùú, tó bá sì padà wá láìgbàṣẹ, wọ́n yóò yẹgi fún un. Wọn kò lé e kúrò nílùú, ṣùgbọ́n wọn kò tú u sílẹ̀ náà. Oṣù mẹ́ta di ọdún 12. Ìlérí pé òun kò ní wàásù mọ́ ni kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀wọ̀n náà, ọwọ́ Bunyan ló sì wà. Paul Cobb, akọ̀wé ilé-ẹjọ́, wá bá a nínú ẹ̀wọ̀n, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó ro ti ara rẹ̀. Bunyan dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yí ohùn padà.

Elizabeth aya rẹ̀

Oyún wà nínú Elizabeth nígbà tí wọ́n mú ọkọ rẹ̀. Ìdágìrì náà mú kó rọbí lọ́jọ́ àìpé, ọjọ́ mẹ́jọ ló fi wà lórí ìrọbí, ọmọ náà sì kú. Síbẹ̀, obìnrin tí kì í ṣe òun ló bí àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nílé yìí kò sá padà sílé bàbá rẹ̀. Ó lọ sí London láti gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ fún àwọn ìjòyè. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1661, ó wọ àárín àwọn adájọ́ àti àwọn ọlọ́lá ní Bedford. Ó sọ fún wọn pé ọmọ kéékèèké mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ òun, pé ọ̀kan nínú wọn fọ́jú, àti pé ìtọrẹ àánú làwọn fi ń jẹun. Nígbà tí adájọ́ kan fi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ gún un lára, ó dá a lóhùn pé torí pé ọkọ òun jẹ́ tálákà atúnkòkòṣe ni wọn kò ṣe fẹ́ ṣe ẹ̀tọ́ fún un. Adájọ́ Matthew Hale ṣàánú rẹ̀, ó sì tọ́ka ọ̀nà tó lè gbé ẹ̀bẹ̀ náà gbà, ṣùgbọ́n kò tú ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹkún ni Elizabeth sun jáde.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Nínú ẹ̀wọ̀n, Bunyan kò rí ìkòkò tún ṣe, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe okùn bàtà, ó ń fi irin wẹ́wẹ́ bọ etí rẹ̀, wọ́n sì ń bá a tà á kí ìyàwó àti àwọn ọmọ lè rí nǹkan jẹ. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Bedford sọ pé Mary ló máa ń táràrà gbé ọbẹ̀ lọ fún bàbá rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ló dun Bunyan jù. Nínú ìwé tó kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, èyí tó jáde lọ́dún 1666, ó jẹ́wọ́ pé òun ń wo ara òun bí ẹni tó ń wó ilé lu aya àti ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kó tó kúrò lẹ́wọ̀n, Mary ti kú.

Àwọn kan bínú sí i nígbà náà pé kò ro ti ìdílé rẹ̀. Kì í ṣe pé òun náà kò rò ó. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sẹ́ ohun tó mọ̀ pé òtítọ́ ni, kò ní ohun gidi kan tí yóò fi lé ọmọ lọ́wọ́ mọ́.

Ìwé tó yí gbogbo ayé ká

Lọ́dún 1672, Ọba Charles dẹ okùn òfin náà, Bunyan sì gba ìtúsílẹ̀. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé inú ìwé ìdáríjì tí àwọn ọmọ ìjọ Quakers jà fún ni orúkọ rẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ àwọn Quakers kan náà ló bá wíjọ́ nínú ìwé àkọ́kọ́ tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1656. Ìjọ Bedford ti fi jẹ alùfáà wọn, inú abà kan ni wọ́n sì ti ń jọ́sìn. Wọ́n tún tì í mọ́lé fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà láàárín ọdún 1676 sí 1677.

Lọ́dún 1678, Nathaniel Ponder tẹ ìwé Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ jáde ní London. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé inú ẹ̀wọ̀n ọlọ́dún 12 ni Bunyan ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹni tí wọ́n ní kó má bá àwọn ará abúlé mélòó kan sọ̀rọ̀, ìwé rẹ̀ wọ ilé tí kò lónkà. Kó tó kú, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Lọ́dún 1684, ó kọ apá kejì, níbi tí ìyàwó èrò náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti gba ọ̀nà kan náà lọ. Títí di òní, wọ́n ti túmọ̀ ìwé náà sí èdè tó lé ní 200.

Yorùbá wà lára àwọn èdè tó kọ́kọ́ rí i gbà nílẹ̀ Áfíríkà. David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ìjọ CMS rán wá, tó dá ìjọ Kúdẹ̀tì sílẹ̀ n'Ìbàdàn pẹ̀lú Anna aya rẹ̀, ló túmọ̀ rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ láàárín ọdún 1860 sí 1870. Àsìkò yẹn gan-an ni ogun Ìjàyè dí ọ̀nà, tí tọkọtìyàwó náà ń ta ẹrù ilé kí wọ́n tó jẹun. Nígbà tí D.O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde lọ́dún 1938, igbó Yorùbá ni igbó náà, àwọn iwin ilẹ̀ wa ló sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ rí ojú ẹsẹ̀ Bunyan nínú ìrìn àjò ọdẹ náà.

Iṣẹ́ ìlàjà ló pa Bunyan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1688, ó gun ẹṣin lọ sí Reading láti parí ìjà bàbá kan àti ọmọ rẹ̀. Ó parí rẹ̀, ṣùgbọ́n òjò pa á gan-an bó ṣe ń lọ sí London. Ibà dá a dúbúlẹ̀ nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, John Strudwick, tó ń ta oúnjẹ, ó sì kú ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, lẹ́ni ọdún 59. Ibi ìsìnkú Bunhill Fields ní London ni wọ́n sin ín sí, sàréè rẹ̀ sì wà níbẹ̀ di òní. Lọ́dún 1874, ìlú Bedford tó fi í sẹ́wọ̀n gbé ère rẹ̀ ró sójú títì.