John Moses Browning

John Moses Browning (oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1855 – 26 oṣù Bélú ọdún 1926) jẹ́ alágbẹ̀dẹ ìbọn, ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Páténtì 128 ni ó gbà nígbà ayé rẹ̀, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń dá ẹ̀tọ́ ohun àtinúdá mọ̀ fún ẹni tí ó ṣe é. Ìbọn ogun ni ó sọ orúkọ rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ṣùgbọ́n ẹyẹ ni ìbọn àkọ́kọ́ tí ó ṣe pa, ìbọn ọdẹ ẹyẹ sì wà lára iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀ láìdé ọjà nígbà tí ó kú. Méjì nínú àwọn ìbọn rẹ̀, Auto-5 àti Superposed, wà lára àwọn tí àwọn ọdẹ ẹyẹ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù fẹ́ràn jù lọ.

Ìgbà èwe

Wọ́n bí Browning ní ìlú Ogden, ní Utah, nígbà tí ibẹ̀ kò tíì di ìpínlẹ̀. Bàbá rẹ̀, Jonathan Browning, jẹ́ alágbẹ̀dẹ ìbọn àti ọmọ ìjọ Mọ́mọ́nì, tí ó bá àwọn ará ìjọ rẹ̀ ṣí lọ sí ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ọdún 1852 ni ó dé Ogden. Ó fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, ó sì bí ọmọ méjìlélógún. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà tí John gbà kọ́ṣẹ́: bí ọmọ alágbẹ̀dẹ ṣe máa ń gbọ́n sídìí ẹwìrì, inú ilé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni òun náà gbọ́n sí.

Ìtàn ìdílé wọn sọ pé nígbà tí ó tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ṣa àlòkù irin àti pákó jọ nígbà tí bàbá rẹ̀ kò sí nílé, ó sì fi wọ́n ṣe ìbọn kan. Òun àti Matt àbúrò rẹ̀ gbé e lọ sí pápá. Wọ́n pa ẹyẹ mẹ́ta tí ó fara jọ àparò, wọ́n sì sè é fún bàbá wọn. Bàbá náà jẹ ẹran, ó yẹ ìbọn náà wò, kò sì yìn ín púpọ̀, nítorí ó gbà pé ọmọ tí ó ti tó bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ pẹ̀lú Winchester

Ọdún 1879 pọ̀ fún un ní ìṣẹ̀lẹ̀. Bàbá rẹ̀ kú, ó gbé Rachel Teresa Child níyàwó, ó sì gba páténtì àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí ìbọn kan tí ń yin ọta kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ogden. Ní ọdún 1883, T. G. Bennett, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ Winchester, wá bá wọn láti ra ẹ̀tọ́ ìbọn náà. Láti ìgbà náà, nǹkan bí ọdún mọ́kàndínlógún ni Browning fi ń ta àtinúdá rẹ̀ fún Winchester. Wọ́n ra ju 40 lọ, wọn kò sì ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde rí; wọ́n rà wọ́n kí ọwọ́ àwọn oníṣòwò mìíràn má baà tẹ̀ wọ́n.

Ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ nínú àwọn ìbọn ọdẹ ti àsìkò yìí ni Winchester 1897. Ẹni tí ó bá ń lò ó á fa igi abẹ́ ọ̀pá ìbọn sẹ́yìn, á sì tì í padà síwájú; èèpo kátíríìjì tí ó ti yìn á bọ́ síta, òmíràn á sì wọlé. Ẹlòmíràn ni ó kọ́kọ́ ṣe irú ìbọn yìí, ṣùgbọ́n ti Browning ni ó tàn kálẹ̀. Wọ́n ṣe é títí di ọdún 1957.

Auto-5

Iṣẹ́ tí Browning náà gbà pé ó fún òun ní wàhálà jù ni ìbọn tí yóò máa ki ara rẹ̀. Ọ̀nà tí ó gbà kò le láti ṣàlàyé. Bí ọta bá ti jáde, agbára tí ń ti ìbọn sẹ́yìn máa ń gbé ọ̀pá ìbọn àti ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sẹ́yìn pa pọ̀. Ọ̀pá ìbọn á kọ́kọ́ padà síwájú, èèpo kátíríìjì á já bọ́ síta, lẹ́yìn náà ni ìdérí á gbé kátíríìjì mìíràn wọlé. Ọdẹ kò ní í gbé ojú kúrò lára ẹyẹ tí ń fò. Ọta márùn-ún ni ìbọn náà ń gbà, orúkọ rẹ̀ sì ti ibẹ̀ wá. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí iké, ó sì mú kí ojú ọdẹ gba ọ̀nà títẹ́ lọ tààrà sí ẹnu ìbọn.

Browning kò fẹ́ ta èyí ní owó ẹ̀ẹ̀kan náà. Ó béèrè ẹ̀tọ́ lórí ìbọn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà, Bennett sì kọ̀. Báyìí ni àjọṣe wọn ṣe dópin. Ó gbé ìbọn náà lọ sí ilé iṣẹ́ Remington ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1902, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó fẹ́ rí ọ̀gá wọn, Marcellus Hartley, gan-an ni ọkùnrin náà kú lójijì. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Bẹ́ljíọ̀m, níbi tí ilé iṣẹ́ FN ti ń ṣe ìbọn ìléwọ́ kan tí ó fún wọn tẹ́lẹ̀. FN gbà á, Browning fúnra rẹ̀ sì bẹ 10,000 lọ́wẹ̀ láti tà ní Amẹ́ríkà. Remington padà wá ṣe tirẹ̀ láti ọdún 1905. Títí di ọdún 1998 ni wọ́n fi ṣe Auto-5.

Ogun àti ikú

Ìbọn rẹ̀ kò mọ ní orí pápá. Ìbọn ìléwọ́ FN 1910 tí ó ṣe ni wọ́n fi pa Ọmọọba Franz Ferdinand ní Sarajevo ní ọdún 1914, ikú tí ó fa Ogun Àgbáyé Kìíní. Winchester 1897, ìbọn ọdẹ, di ìbọn inú kòtò ogun lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Jámánì fi ẹ̀hónú hàn sí i ní ọdún 1918.

Browning kú ní ilé iṣẹ́ FN, nítòsí Liège, nígbà tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ogden ni wọ́n sin ín sí. Val, ọmọ rẹ̀, ni ó mú Superposed dé ọjà ní ọdún 1931: ìbọn ẹlẹ́nu méjì, tí ọ̀kan gun orí èkejì, tí a máa ń ṣẹ́ lágbedeméjì láti kì.

Àwọn ìbọn rẹ̀ àti Nàìjíríà

Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ni ó pinnu irú ìbọn tí ọdẹ lè gbàwé àṣẹ lé lórí ní Nàìjíríà. Ó fi ṣakabùlà sí ìsọ̀rí tirẹ̀. Ó tún fi ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ sí ìsọ̀rí mìíràn, ṣùgbọ́n ó yọ gbogbo èyí tí ń ki ara rẹ̀, àti èyí tí ó ní ẹ̀rọ ìki, kúrò nínú rẹ̀. Nítorí náà, ìbọn ẹlẹ́nu méjì bíi Superposed bá ìsọ̀rí náà mu. Auto-5 àti Winchester 1897 kò bá a mu.

Irú ìbọn tí a ń fà tí a sì ń tì yìí ṣì ń gba ẹ̀yìn wọlé. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2017, àwọn aṣọ́bodè dá ọkọ̀ kan dúró lójú ọ̀nà Mile 2 sí Àpápá, ní ìpínlẹ̀ Èkó, ní agbègbè tí kò jìnnà sí Ajégúnlẹ̀. Wọ́n bá 661 nínú kọ̀ǹténà tí ó gbé, wọ́n sì ti fi ilẹ̀kùn irin bò wọ́n. Ní oṣù Ọ̀wẹwẹ ọdún kan náà, wọ́n gba 1,100 mìíràn ní èbúté Tin Can. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ Browning ni ó ṣe wọ́n.

Lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá, ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ ìlú rọ ni ó ṣì wà. Lẹ́yìn ìyìn kan, ọdẹ á da ẹ̀tù sí i, á fi ọ̀pá kì í, á kó ọta lé e, kí ó tó lè tún un yìn. Àparò tí kò bá bá ìyìn àkọ́kọ́ lọ ti fò wọ igbó.