Ọ̀gbẹ́ni Rogers, Ẹni Tí Ó Ri Wáyà Mọ́lẹ̀

Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń na òpó sókè láti gba ìròyìn ọ̀nà jíjìn, ilẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni James Harris Rogers ń gbẹ́. Ní 1850 ni a bí i ní Franklin, ní Tennessee ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní Hyattsville, ní Maryland, ó ri wáyà gígùn mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́, àwa kò sì dá wọn lẹ́bi púpọ̀: ta ni í wá ohùn ojú ọ̀run nínú kòtò? Ṣùgbọ́n bí ohùn náà tilẹ̀ rẹlẹ̀, ariwo àrá tí í da ti orí òpó rú kò pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà ogun 1914 sí 1918, àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà fi irú wáyà bẹ́ẹ̀ gba ìròyìn láti Yúróòpù. Bàbá náà ti lé ní ẹni ọdún 65 nígbà náà. Ó kú ní 1929.