Arábìnrin Rosetta Tharpe àti Ohùn Gìtá Rẹ̀

Ẹ̀yin ará, kò sí ẹni tí ń lu gìtá oníná nínú àwọn ẹ̀ka ìjọ wa tí kò mọ ìyọnu tí a fẹ́ mẹ́nu bà yìí. Gìtá tí ohùn rẹ̀ dùn bí oyin nígbà ìdánrawò ní alẹ́ Sátidé a máa hu bí ajá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, bẹ́ẹ̀ okùn náà kò yí padà, ẹ̀rọ náà kò yí padà, ọwọ́ tí ń lù ú kò sì yí padà. Nígbà tí ìyọnu yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ayé ni obìnrin tí a ń kọ ìtàn rẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ orin.

A bí Rosetta ní ọjọ́ 20 oṣù March, ọdún 1915, ní Cotton Plant, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Arkansas ní Amẹ́ríkà. Katie Bell Nubin ìyá rẹ̀ jẹ́ ajíhìnrere nínú ìjọ tí ń jẹ́ Church of God in Christ, òun pàápàá a sì máa ta mandolin. Ìjọ náà kò ka ìlù, ijó àti àtẹ́wọ́ sí èèwọ̀ nínú ìsìn. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méje tí ó fi ń bá ìyá rẹ̀ kiri ìpàdé ìsọjí pẹ̀lú gìtá lọ́wọ́. Chicago ni wọ́n fi ṣe ibùgbé lẹ́yìn náà.

Ẹ fojú inú wo irú ìsìn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá ń pàtẹ́wọ́, tí wọ́n sì ń lu tambourine, ta ni yóò gbọ́ gìtá onípákó? Nítorí náà ni ó ṣe di ẹni tí a mọ̀ mọ́ gìtá National, èyí tí a fi irin ṣe ara rẹ̀, tí ó ní àwo aluminiọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú. Bí okùn bá ti mì ni àwo náà yóò mì pẹ̀lú rẹ̀, ohùn yóò sì jáde kíkankíkan láìsí iná mànàmáná rárá. Rosetta a sì máa tọ́ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí wọ́n bára mu kí ìka tó kàn wọ́n, tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo gìtá fi ń dún pọ̀ bí ẹgbẹ́ akọrin.

Ní 1934 ó fẹ́ oníwàásù kan, Thomas Thorpe; láti inú orúkọ yìí ni Tharpe ti jáde. Ìgbéyàwó náà kò tọ́jọ́. Ní 1938 ó lọ sí New York, ó kọrin ní Cotton Club, ní ọjọ́ 31 oṣù October ó sì kọ orin sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Decca. Inú ọ̀pọ̀ ará ìjọ rẹ̀ bàjẹ́ pé a gbé orin Olúwa lọ sí ilé ọtí. Èmi náà kì yóò fẹ́ rí ọmọ ẹgbẹ́ akọrin mi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó lè mú kí n sọ pé ìfẹ́ tí ó ní sí orin ìhìnrere jẹ́ àgàbàgebè, nítorí kò fi orin náà sílẹ̀ títí ó fi kú. Orin rẹ̀ tí a kọ sínú àwo ní 1944, Strange Things Happening Every Day, dé ipò kejì ní 1945 nínú ìwé Billboard, lórí àtòjọ orin àwọn ènìyàn dúdú.

Ní àkókò yìí gìtá oníná ti dé. George Beauchamp ni ó ṣe èyí tí ilé iṣẹ́ Rickenbacker tà láti 1932, Gibson sì gbé tirẹ̀ jáde ní 1936. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò le púpọ̀: a fi irin òòfà sí abẹ́ okùn, a sì wé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí okùn irin bá mì lókè òòfà, iná díẹ̀ yóò là nínú wáyà náà, ẹ̀rọ amúhùngbòòrò yóò sì sọ ọ́ di ohùn ńlá.

Ṣùgbọ́n ìyọnu méjì tẹ̀ lé e. Èkíní, bí ikùn gìtá bá jẹ́ kòròfo, ohùn tí ó ti inú ẹ̀rọ jáde yóò padà wá mi ara gìtá, gìtá yóò tún rán an sínú ẹ̀rọ, wọn yóò sì máa rán an sí ara wọn títí yóò fi di igbe. Èkejì, wáyà kan náà tí ń gbọ́ okùn ń gbọ́ iná ilé pẹ̀lú, yóò sì máa kùn bí agbo oyin. Ẹni tí ó bá ń ti gbọ̀ngàn kan lọ sí òmíràn, bí Rosetta ti ń ṣe lọ́dọọdún, kò lè fi ọkàn balẹ̀ pé ohùn àná ni yóò bá lónìí. Ní ọjọ́ 3 oṣù July 1951, ní pápá ìṣeré Griffith Stadium ní Washington, ó fẹ́ Russell Morrison níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wọ́n san owó wọlé, ó sì lu gìtá oníná nínú aṣọ ìyàwó.

Ìyọnu ti igbe rọlẹ̀ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi odindi igi gbẹ́ gìtá. Ti kíkùn ni Seth Lover ti ilé iṣẹ́ Gibson bá wí ní 1955. Wáyà wíwé méjì ni ó fi sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí òòfà ọ̀kan dojú kọ òdìkejì ti èkejì. Kíkùn tí méjèèjì gbọ́ a pa ara rẹ̀ rẹ́; ohùn okùn a sì para pọ̀, a di ọ̀kan. Gìtá Gibson funfun tí Rosetta lù ní àwọn ọdún 1960 ní mẹ́ta irú rẹ̀ lára.

Èyí ni ó gbé lọ sí Manchester ní ọjọ́ 7 oṣù May 1964. Ibùdókọ̀ ojú irin Wilbraham Road, tí a ti pa tì, ni àwọn Granada Television ti ya àwòrán náà: àwọn olùgbọ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ojú irin, àwọn olórin wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Òjò ń rọ̀. Ó fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin dé, ó wọ kóòtù, ó sì fi orin tí ó jẹ mọ́ òjò ìgbà Nóà bẹ̀rẹ̀. Mo ti wo àwòrán náà lọ́pọ̀ ìgbà. Kò sí ògiri tí yóò dá ohùn padà, ibi gbogbo tutù, síbẹ̀ gìtá náà mọ́ gaara, bí ó ti fẹ́ kí ó rí.

Ní 1970 àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, àtọ̀gbẹ sì mú kí a gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ó ṣì ń kọrin. Ó kú ní Philadelphia ní ọjọ́ 9 oṣù October 1973, a sì sin ín sí Northwood Cemetery. Ibojì rẹ̀ wà láìní òkúta kankan fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún, kí àwọn olólùfẹ́ orin rẹ̀ tó dá owó jọ fún un. Ní 2018 ni a kọ orúkọ rẹ̀ sí Rock and Roll Hall of Fame.