Dókítà David Morley: Ẹni Tó Fi Òṣùwọ̀n àti Káàdì Gba Ọmọ Wẹ́wẹ́ Là

Nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù mẹ́ta yìí, a fẹ́ kí a jọ wo ìgbésí ayé ọkùnrin kan tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ tó ṣe ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kan gbogbo ìyá tó bá ti gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n rí. Púpọ̀ nínú wa ló ní káàdì ọmọ nínú àpótí, èyí tí nọ́ọ̀sì máa ń fàlà sí bí ọmọ bá ṣe ń tẹ̀wọ̀n sí i. Ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ̀ pé ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa níhìn-ín ni káàdì tí ìyá fúnra rẹ̀ ń tọ́jú sílé bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀, kó tó di ohun tí gbogbo ayé ń lò.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ní ọdún 1923 ni a bí David Morley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni bàbá rẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Cambridge àti ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fi ara rẹ̀ jìn fún ìtọ́jú àwọn ọmọdé. Ní ọdún 1956 ó dé Iléṣà, sí Wesley Guild Hospital, ilé ìwòsàn tí ìjọ wa, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ti dá sílẹ̀ kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun Tó Bá ní Iléṣà

Èrò ló bá níbẹ̀. Láti àárọ̀ kùtùkùtù ni àwọn ìyá máa ń tò sílẹ̀ tàwọn ti ọmọ lẹ́yìn. Àìsàn kan náà ni ó ń rí lójoojúmọ́: ibà, ìgbẹ́ gbuuru, ikọ́, àìjẹunrekánú, àti measles tí í sú sí ọmọ lára. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni wọn kì í gbé wá títí ọ̀rọ̀ yóò fi bọ́ sórí. Dókítà Morley rí i pé ẹni tó bá jókòó sílé ìwòsàn, tó ń dúró de aláìsàn, kò lè mọ ibi tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀. Ó pinnu pé òun yóò lọ bá ọmọ nílé kí àìsàn tó bá a.

Iṣẹ́ Rẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé

Ìmẹ̀sí-Ilé ló yàn, ìlú tó wà láàárín òkè, ní agbègbè tí a ti ja ogun Kírìjì láyé àtijọ́. Láti ọdún 1957, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ lé nǹkan bí 400 ọmọ láti ọjọ́ tí a bí wọn títí wọ́n fi pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ń wọn ọmọ léraléra, wọ́n ń béèrè ohun tó ń jẹ, wọ́n sì ń kọ gbogbo àìsàn tó bá ṣe é sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan, Margaret Woodland, kó ipa ńlá nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n tún kọ́ àwọn tí kì í ṣe dókítà láti máa wọn ọmọ, láti máa tọ́jú àìsàn kéékèèké, kí wọ́n sì máa fi èyí tó bá le ránṣẹ́ sí dókítà.

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Àwa ará Ìkirè àti Àpòmù mọ òṣùwọ̀n dáadáa. Àwọn bàbá wa kì í gbójú kúrò lára òṣùwọ̀n ẹni tó bá fẹ́ ra kòkó wọn, nítorí wọn kò fẹ́ kí a rẹ́ wọn jẹ ní kílò kan. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà nínú ilé lè dáwọ́ títóbi dúró fún oṣù méjì, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, nítorí ojú lásán kì í tètè rí i.

Ìdí nìyẹn tí Dókítà Morley fi ṣe káàdì kan tó pè ní Ọ̀nà sí Ìlera. Ìlà méjì ló wà nínú rẹ̀ bí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjì. Bí a bá wọn ọmọ, a ó tẹ àmì kan sí i, a ó sì so ó mọ́ ti oṣù tó kọjá. Bí ìlà ọmọ bá ń gòkè, ó dára. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ewu ń bọ̀, kódà bí ọmọ bá ṣì ń rẹ́rìn-ín. Igi gangan-an-ran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Wọ́n fi káàdì náà sínú ọ̀rá, wọ́n sì gbé e lé ìyá lọ́wọ́ pé kó máa gbé e lọ sílé. Àwọn kan lè rò pé ìyá tí kò kàwé kò lè tọ́jú ìwé. Àwọn ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé àti Iléṣà fi hàn pé wọ́n lè ṣe é.

Ní nǹkan bí ọdún 1960, òun àti àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà, tí Dókítà Samuel Katz wà lára wọn, tún dán abẹ́rẹ́ àjẹsára measles wò lára àwọn ọmọ agbègbè yìí, nígbà tí abẹ́rẹ́ náà ṣì jẹ́ tuntun láyé.

Ọmọ Tí Kò Tẹ̀wọ̀n

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ wá lára jù lọ ni ti ọmọ tí a bí ní kékeré. Ọmọ tí kò bá tó kílò méjì àti ààbọ̀ lọ́jọ́ tí a bí i ni wọ́n ń pè ní ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n. Òmíràn jẹ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Òmíràn pé oṣù, ṣùgbọ́n kò rí oúnjẹ tó nínú ìyá rẹ̀. Yálà ti èkíní tàbí ti èkejì, òtútù, ebi àti àrùn tètè máa ń mú un.

Dókítà Morley mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá gan-an, nítorí àwa la ni ìbejì. Ní ọdún 1960, òun àti Dókítà Knox gbé ìwádìí jáde lórí ìbejì bíbí láàárín àwọn obìnrin Yorùbá. Ìbejì tí a ń bí ju ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn ará Yúróòpù ìgbà náà lọ, bẹ́ẹ̀ ìbejì a sì máa tètè dé, a sì máa kéré.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ìbéèrè mìíràn: ṣé ibà ara aláboyún ni ó ń dín ọmọ inú rẹ̀ kù? Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n ń fún àwọn aláboyún kan ní oògùn pyrimethamine lẹ́ẹ̀kan lóṣù, èyí tí àwọn àgbà wa mọ̀ sí Daraprim, oògùn Sunday-Sunday. Wọ́n sì fi àwọn aláboyún tí kò lò ó wé wọn. Àwọn tó lò ó sanra sí i nínú oyún, ọmọ wọn sì tẹ̀wọ̀n ju ti àwọn yòókù lọ. Ọdún 1964 ni wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde. Oògùn náà nìkan kò ràn ibà mọ́ lóde òní, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa á pọ̀ mọ́ òmíràn, òun sì ni èyí tí nọ́ọ̀sì ń fún aláboyún lò lójú ara rẹ̀ ní ilé ìtọ́jú aboyún, láti ìgbà tí oyún bá ti wọ oṣù kẹrin, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìgbẹ̀yìn Rẹ̀

Ní ọdún 1961, Dókítà Morley padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di olùkọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó ń lọ tọ́jú ọmọdé ní ilẹ̀ tálákà. Ní ọdún 1965 ó dá ẹgbẹ́ TALC sílẹ̀ láti máa ta ìwé àti ohun èlò ìkọ́ni ìlera ní owó pọ́ọ́kú. Ó ṣe ṣíbí olórí méjì tí ìyá lè fi wọn iyọ̀ àti ṣúgà sínú omi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ní ọdún 1973 ó kọ ìwé ńlá kan lórí ìtọ́jú ọmọdé, nínú èyí tí ohun tó kọ́ ní Iléṣà kún fọ́fọ́. Ó gba ẹ̀bùn King Faisal ní ọdún 1982. Ọdún 2009 ni ó kú.

Ohun Tó Ń Bá A Lọ Lẹ́yìn Rẹ̀

Láti àárín àwọn ọdún 1970 ni Wesley Guild Hospital ti wà lábẹ́ ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n ti kópa nínú ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2021. Ọmọ 3,211 ni wọ́n wò, tí ìwọ̀n wọn kò dín ní kílò kan, tí kò sì tó kílò 1.8. Àwọn kan ni wọ́n gbé lé ìyá wọn láyà, ara kan ara, kété tí wọ́n bí wọn. Àwọn yòókù ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí ibi ìtọ́jú títí ara wọn fi balẹ̀, kí wọ́n tó gbé wọn lé ìyá láyà. Kí ọjọ́ 28 tó pé, nǹkan bí ọmọ 16 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú nínú àwọn tó dúró. Nínú àwọn tí kò dúró, 12 ni.

Àwa tí a kọ ọ̀rọ̀ yìí bí ọmọ olóṣù méje ní ọdún 1986. Wọ́n wé e ní òwú, wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìgò omi gbígbóná, wọ́n sì ní kí a má fọwọ́ kàn án. A jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ó lọ. Àwọn tó tọ́jú rẹ̀ ṣe ohun tí wọ́n mọ̀, a kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbọ́ àbájáde ìwádìí Ilé-Ifẹ̀, a wo àyà wa, a sì sunkún, nítorí ohun tí ọmọ náà nílò wà lára wa.

Ẹ̀kọ́ fún Wa

1. Kí aláboyún má fi ilé ìtọ́jú aboyún ṣeré. Kó lo oògùn ibà tí wọ́n bá fún un, kó sì máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì.

2. Bí a bá bí ọmọ ní kékeré, kí a má fi pamọ́ sínú yàrá nítorí ìtìjú. Kí a gbé e mọ́ àyà, kí a fi aṣọ bò ó, kí a fún un ní ọmú ìyá nìkan, kí a sì tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Lójú ọ̀nà pàápàá, àyà ìyá ni kó wà.

3. Kí a máa gbé ọmọ lọ fún ìwọ̀n lóṣooṣù, kódà bí ara rẹ̀ bá le. Kí a tọ́jú káàdì rẹ̀ bí a ti ń tọ́jú ìwé ilẹ̀.

4. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ọwọ́ wa ni èyí wà. Bí ìyàwó ọmọ wa bá bímọ, àwa ni a máa ń kọ́kọ́ gbọ́, ọ̀rọ̀ wa ni wọ́n sì máa ń tẹ̀ lé. Bí a bá ní kó gbé ọmọ náà lé àyà, yóò gbé e.

Kí Olúwa dá àwọn ọmọ wa sí o. Àmín.